Angle iron mẹ́rin tó kọ ẹ̀yìn síra: bí òrùlé Hartford ṣe já wálẹ̀

Ní ìdájí ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 1978, ní nǹkan bí aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, òrùlé gbọ̀ngàn eré ìdárayá tó wà láàárín ìlú Hartford, ní ìpínlẹ̀ Connecticut lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, já lulẹ̀. Yìnyín ti bọ́ púpọ̀ lóru náà. Wákàtí díẹ̀ ṣáájú ni nǹkan bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n wo ìdíje bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ láàárín Yunifásítì Connecticut àti ti Massachusetts. Àga ló kù nínú ilé nígbà tí òrùlé tó wúwo tó 1,400 tọ́ọ̀nù ya wálẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò fara pa. Ọdún 1975 ni wọ́n ṣí ilé náà, ìyẹn ni pé kò lò ju nǹkan bí ọdún mẹ́ta lọ tó fi wó.

Tí wọ́n bá ń sọ ìtàn yìí, kọ̀ǹpútà ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi: wọ́n ní àwọn tó yàwòrán ilé náà gbẹ́kẹ̀ lé e jù. Òótọ́ wà níbẹ̀, mo ṣì ń bọ̀ wá débẹ̀. Àmọ́ lójú tèmi, ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó wó òrùlé yẹn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fojú inú gé ọ̀kan nínú àwọn irin òkè rẹ̀ ní ìbú, kó wá wo ojú ibi tó gé. Àmì àròpọ̀ ló máa rí. Angle iron mẹ́rin, ìyẹn irin tó ṣẹ́ igun bíi lẹ́tà L, ni wọ́n kó jọ, wọ́n mú igun ẹ̀yìn wọn pàdé láàárín, apá wọn wá nà síta sí ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Irú irin yìí ló wà níbi tí ẹrù ti pọ̀ jù nínú òrùlé náà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe òrùlé yẹn díẹ̀. Ó gùn tó mítà 110, ó fẹ̀ tó mítà 91, ó sì fi nǹkan bí mítà 25 ga ju ilẹ̀ ìṣeré lọ. Férémù onípele méjì ni, ìpele òkè àti ìpele ìsàlẹ̀, pẹ̀lú àlàfo mítà 6.4 láàárín wọn. Ìpele kọ̀ọ̀kan pín sí ojú onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 30, ìyẹn mítà mẹ́sàn-án lé díẹ̀. Àwọn irin tó dagun so òkè mọ́ ìsàlẹ̀, àwọn kéékèèké mìíràn sì tún wà láàárín tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti di agbede-méjì àwọn irin gígùn mú kí wọ́n má baà yẹ̀. Òpó mẹ́rin péré ló gbé gbogbo rẹ̀ dúró, wọn kò sì sí létí òrùlé. Wọ́n wọ inú tó mítà 13.7 láti etí.

Nǹkan kan tún wà tó yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe ń ṣe irú òrùlé bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Páànù àti ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò jókòó lé irin ìpele òkè. Orí òpó kúkúrú ni wọ́n gbé e lé, òpó yẹn sì dúró lórí oríkèé tí àwọn irin ti pàdé. Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Páànù kò ní tẹ àárín irin gígùn mọ́lẹ̀, wọ́n sì lè fi gíga àwọn òpó kúkúrú náà ṣe ìdagun tí omi òjò yóò máa gbà lọ. Àmọ́ ohun tí wọ́n pàdánù kì í ṣe kékeré. Nínú òrùlé tí páànù ti jókòó lé irin, páànù náà máa ń di irin mú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní Hartford, irin òkè wà ní ìhòòhò láàárín oríkèé sí oríkèé, àfi ìdè kéékèèké yẹn nìkan ló ń wò.

Àwọn tó yàwòrán rẹ̀ sọ pé ọ̀nà tí wọ́n gbà yìí dín ìnáwó kù tó ìdajì mílíọ̀nù dọ́là.

Nígbà tí òrùlé bá tẹ́ lórí òpó báyìí, ìpele ìsàlẹ̀ ni ẹrù ń fà, ìpele òkè ni ẹrù ń tì. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìrísí irin, ibí ló ti bẹ̀rẹ̀. Irin tí ẹrù ń fà, ìrísí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan. Ìbáà jẹ́ angle, ìbáà jẹ́ páìpù, ìbáà jẹ́ irin pẹlẹbẹ tàbí ọ̀pá róbótó, tí ìwọ̀n irin tó wà lójú ibi tí a gé bá ti dọ́gba, ẹrù tí wọ́n lè gbé dọ́gba. Irin gígùn tí ẹrù ń tì lórí tìdí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Kì í dúró dìgbà tí agbára irin fúnra rẹ̀ máa tán. Yóò yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò tẹ̀, yóò sì já ẹrù sílẹ̀ nígbà tí irin gan-an ṣì ní okun nínú. Ohun tó ń pinnu ìgbà tí yóò tẹ̀ ni bí wọ́n ṣe pín irin náà jìnnà sí àárín ara rẹ̀ tó. Ọparun tí àwọn kọ́lékọ́lé ń fi gbé dẹ́kìn ró ṣófo nínú, gbogbo ara rẹ̀ ló wà létí. Bí ẹ bá rí igi tó gùn bẹ́ẹ̀, tó wúwo bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ ṣù pọ̀ sí àárín, kò ní lè gbé ìdajì ohun tí ọparun ń gbé.

Ẹ jẹ́ ká fi òǹkà yẹ̀ ẹ́ wò. Irin tí mo fẹ́ fi ṣírò kì í ṣe ìwọ̀n irin Hartford gan-an. Irin tó wà nínú ìwé òǹkà tí àwọn ẹnjiníà ń ṣí lójoojúmọ́ ni. Angle iron 100×100×10, ìyẹn èyí tí apá rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ ní mílímítà 100 tó sì nípọn ní mílímítà 10, wúwo tó kílò 15 ní mítà kan. Mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ kílò 60. Nínú ìwé òǹkà yẹn, nọ́ńbà kan wà tí wọ́n ń fi lẹ́tà I kọ, tó ń sọ bí irin ṣe jìnnà sí àárín tó àti bí yóò ṣe le tó láti tẹ̀. Tí a bá kọ ẹ̀yìn àwọn angle mẹ́rin yìí síra bí ti Hartford, I wọn jẹ́ nǹkan bí 1,320 cm⁴. Tí a bá wá yí wọn padà, tí a kọjú wọn síra, kí etí wọn pàdé kó di àpótí onígun mẹ́rin tó ṣófo nínú, I wọn di nǹkan bí 4,670. Irin kan náà ni. Kò lé kílò kan, owó tí wọ́n fi rà á lọ́jà kò sì yí padà. Yíyí tí a yí i padà yẹn nìkan ló sọ ẹrù tó lè gbé kó tó tẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta àtààbọ̀.

Ní ti lílọ́, ìyẹn kí irin yí lára bí ẹni ń fún aṣọ, ìyàtọ̀ wọn tún ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Tí wọ́n bá jó àpótí náà pọ̀ yíká láìsí àlàfo, ó fi ohun tó ju ìlọ́po 60 lọ le ju àmì àròpọ̀ lọ, kódà bí wọ́n bá jó àmì àròpọ̀ náà pọ̀ dáadáa látòkè délẹ̀. Tó bá wá jẹ́ pé ìdè díẹ̀díẹ̀ ló so angle mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, òǹkà náà tún lọ sókè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Irin yòókù tí wíwúwo wọn tó kílò 60 ní mítà kan ńkọ́? Square pipe 200×200×10 fi díẹ̀ fúyẹ́ jù ú lọ, kílò 59, I rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 4,470 níhìn-ín lọ́hùn-ún. H-beam tí ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní 203×203×60 ní 6,125 ní ọ̀nà kan, 2,065 ní ọ̀nà kejì. I-beam gíga, 406×178×60, ní 21,600 ní ọ̀nà kan.

Ẹni tó bá dúró lórí 21,600 yẹn yóò ní òun ti rí irin tó dára jù. Kó wo ẹ̀gbẹ́ kejì: 1,200 péré. Ìyẹn kéré sí ti àmì àròpọ̀ tí a ń bá wí láti àárọ̀. Irin tí ẹrù ń tì kì í wo ibi tó le sí, ibi tó ti rọ̀ jù ló ń gbà tẹ̀. I-beam gíga wà fún iṣẹ́ ìtẹ́rí, níbi tí ẹrù ti ń tẹ̀ ẹ́ láti òkè tí ilẹ̀ dẹ́kìn sì di orí rẹ̀ mú, níbẹ̀ ni kò sí irú rẹ̀. Ẹ gbé e nàró ṣe òpó gígùn láìdì í mú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ti ṣi irin lò. Nítorí náà, nígbà tí àwọn tó ṣàlàyé Hartford bá sọ pé irin onírìísí I tàbí páìpù ni ì bá dára ju àmì àròpọ̀ lọ, H-beam tó fẹ̀ lápá ni mo gbà pé wọ́n ní lọ́kàn, èyí tí ilé-iṣẹ́ Bethlehem bẹ̀rẹ̀ sí í yí jáde ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1908. Kí irú rẹ̀ tó dé, angle àti irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi rífẹ́ẹ̀tì kàn pọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe òpó ńlá.

Channel, ìyẹn irin onírìísí lẹ́tà C, kò sí nínú òrùlé yìí, àmọ́ ìbéèrè rẹ̀ kì í pẹ́ dé, torí náà kí n mẹ́nu bà á. Ẹrù tó bá gba inú ẹ̀yìn channel kọjá kò gba ibi tí kò fi ní lọ́. Ibi yẹn wà níta ara irin náà, lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìdí rèé tí channel kan ṣoṣo tó gbé ẹrù fi máa ń fẹ́ yí dànù. Méjì tó kọjú síra tí wọ́n jó pọ̀ ti di àpótí, ọ̀rọ̀ tán.

Kí ló wá mú ẹnjiníà kọ ẹ̀yìn angle síra? Ìdí rẹ̀ kò burú. Angle ló rọrùn jù láti rà, láti gé àti láti lu ihò sí. Tí wọ́n bá kọ ẹ̀yìn síra, àlàfo tó wà láàárín wọn máa ń gba irin pẹlẹbẹ wọlé láti ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn ohun tí oríkèé òrùlé ń fẹ́ gan-an nígbà tí irin ń bọ̀ láti ìlà-oòrùn, ìwọ̀-oòrùn, àríwá àti gúúsù. Spánà rí ibi gbogbo dé. Ẹni tó bá ṣe àpótí kò lè ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ láti di nọ́ọ̀tì mú. Àfi kó jó o, iṣẹ́ jíjó irin sì ń fẹ́ ẹni tó mọwọ́ rẹ̀ àti ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn kan lára òpó gíga tó ń gbé wáyà iná ńlá kọjá lórí oko ń lo angle tó kọ ẹ̀yìn síra, wọ́n sì ń dúró. Ẹsẹ̀ táńkì omi tó wà nínú ọgbà ọ̀pọ̀ ilé lọ́dọ̀ wa, angle lásán ni, ó sì ń gbé omi. Ẹ wo ara wọn dáadáa: irin ìdábùú ti gé ẹsẹ̀ wọn sí wẹ́wẹ́, kò sí ibi tó gùn lọ láìní ìdè.

Ọ̀rọ̀ ìdè yìí gan-an ló pa òrùlé Hartford. Tí a bá di agbede-méjì irin gígùn mú kó má lè yẹ̀ síbì kankan, gígùn rẹ̀ ti di ìdajì, ẹrù tó lè gbé kó tó tẹ̀ sì di ìlọ́po mẹ́rin. Lórí ìwé, àmì àròpọ̀ mi ti kílò 60 yẹn, tó bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 30 tí kò sí ìdè láàárín, yóò tẹ̀ ní nǹkan bí tọ́ọ̀nù 32. Bí wọ́n bá dì í mú láàárín, ó di nǹkan bí 127. Àpótí tí a fi angle kan náà ṣe ńkọ́, láìsí ìdè rárá? Nǹkan bí tọ́ọ̀nù 112. Ẹ rí i pé ẹni tó yan àpótí ti ra ìdè tirẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó yan àmì àròpọ̀, ìdè yẹn ni ẹ̀mí rẹ̀ so mọ́. Bí ìdè bá tú, ìdá mẹ́rin kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú ìṣirò Hartford, wọ́n gbà pé ìdè wà ní agbede-méjì gbogbo irin òkè. Lẹ́yìn tí òrùlé wó, ìjọba ìlú pe ilé-iṣẹ́ Lev Zetlin Associates láti wádìí rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn irin tó wà létí òrùlé, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ìdè wọn ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n lè gbà yẹ̀ sí ọ̀nà kejì bó ṣe wù wọ́n. Àwọn tó wà láàárín ní ìdè díẹ̀, kò tó nǹkan. Ohun tó tún wá bà á jẹ́ ni pé irin òkè àti irin tó dagun kò pàdé lójú kan náà ní oríkèé bí wọ́n ṣe máa ń pàdé nínú irú òrùlé bẹ́ẹ̀.

Iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ pọ̀ débi pé mo ní láti kà á lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Àwọn irin òkè tí ẹrù ń tì ní etí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ru ẹrù tó fi ìdá 852 nínú ọgọ́rùn-ún ju èyí tó yẹ wọ́n lọ. Ìyẹn ju ìlọ́po mẹ́sàn-án lọ. Àwọn ti etí àríwá àti gúúsù fi ìdá 213 jù ú lọ. Àwọn ti inú tó lọ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn fi ìdá 72 jù ú lọ. Ohun tí àwọn olùwádìí sọ ni pé láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ òrùlé náà tán ló ti ń wó lọ díẹ̀díẹ̀. Irin kan á tẹ̀, á ti ẹrù tirẹ̀ sọ́dọ̀ ìkejì, èyí náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀. Yìnyín oṣù kìíní yẹn kàn jẹ́ ẹrù ìkẹyìn ni, kò sì ju ohun tó yẹ kí òrùlé ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ lè gbé lọ.

Àwọn àléébù mìíràn tún wà tó jẹ mọ́ ìrísí irin náà. Angle mẹ́rin kì í di irin kan ṣoṣo nítorí pé wọ́n fara kanra. Àwọn irin pẹlẹbẹ kéékèèké tó wà láàárín wọn ló ń jẹ́ kí wọ́n ṣe bí ọ̀kan. Ní Hartford, àwọn irin pẹlẹbẹ wọ̀nyí jìnnà síra jù láwọn ibì kan, débi tí angle kọ̀ọ̀kan fi lè dá tẹ̀ láàárín méjì nínú wọn. Angle tó bá dá wà kò lágbára kankan: ti 100×100×10 tí mo ń lò yìí, òǹkà tí wọ́n fi ń díwọ̀n bó ṣe tín-ín-rín tó kò ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ níbi tó ti rọ̀ jù, ti àmì àròpọ̀ sì lé ní mẹ́rin. Ihò bóòtù ti jẹ irin kan ju ohun tí òfin iṣẹ́ gbà lọ. Wọ́n fi àwọn irin tó dagun kan síbi tí kì í ṣe ààyè wọn. Irin kan wà tí dídára rẹ̀ kò tó èyí tí wọ́n béèrè.

Ìkìlọ̀ kò wọ́n o. Orí ilẹ̀ ni wọ́n ti to férémù náà kí wọ́n tó fi jáàkì gbé e sókè. Nígbà tó ṣì wà nílẹ̀, àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò ti rí i pé ó ń tẹ̀ wálẹ̀ ju ohun tí wọ́n retí lọ, wọ́n sì sọ fún àwọn ẹnjiníà. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tó ti gòkè, bó ṣe tẹ̀ tó jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tí ìṣirò sọ. Èsì tí wọ́n fún wọn ni pé irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń wà láàárín ìṣirò àti ohun tó wà lójú ayé. Èmi ò lè gba irú èsì yẹn. Ìyàtọ̀ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, mo gbọ́. Ìdá ogún, ká tún un wọ̀n. Bí irin bá tẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ohun tó ń sọ ni pé àwòrán tó wà lórí tábìlì yín kọ́ ni òun jẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà ò parí síbẹ̀. Àwọn tó gba iṣẹ́ pátákó tí wọ́n fi ń bo etí òrùlé dé, ihò bóòtù wọn kò bá ti férémù mu mọ́ torí pé férémù ti wọ́. Wọ́n fẹjọ́ sùn. Alábòójútó iṣẹ́ ní kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i, tàbí kí ìdádúró iṣẹ́ di ẹrù wọn. Wọ́n gé pátákó, wọ́n jó àwọn kan pọ̀, iṣẹ́ ń lọ. Ará ìlú kan wò ó láti ìsàlẹ̀, ó ní òrùlé yìí ti rì láàárín. Wọ́n fi í lọ́kàn balẹ̀ pé kò séwu. Àwọn ẹnjiníà pàápàá ti béèrè ṣáájú pé kí wọ́n gba ẹnjiníà ilé tó mọṣẹ́ tí yóò máa dúró ti iṣẹ́ náà, àwọn tó ń darí iṣẹ́ sì ní ìnákúnàá ni, àwọn fúnra àwọn á máa bójú tó o. Abala márùn-ún ni wọ́n pín iṣẹ́ náà sí, oníkálukú ń mójú tó tirẹ̀.

Ní báyìí, kọ̀ǹpútà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, fífi kọ̀ǹpútà ṣírò òrùlé tó ní irin tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ jẹ́ nǹkan ìgbéraga, mi ò sì rò pé òun ló ṣìṣe. Ohun tí wọ́n kó fún un ló ṣírò. Wọ́n sọ fún un pé àwọn ìdè ń ṣiṣẹ́, ó gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi nǹkan bí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún dín ìwúwo òrùlé fúnra rẹ̀ kù, ó gbà bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ̀bi tó wà níbẹ̀ ni pé nígbà tí ohun tí wọ́n rí lójú kò bá ti kọ̀ǹpútà mu, ojú ni wọ́n sọ pé ó ṣì í rí.

Kì í ṣe gbogbo olùwádìí ló gbà pẹ̀lú Lev Zetlin Associates lórí ohun tó kọ́kọ́ fọ́. Ilé-iṣẹ́ Loomis and Loomis náà ṣèwádìí, wọ́n sì ní lílọ́ ló pa á, pé àwọn irin onírìísí àmì àròpọ̀ yẹn yí lára kí wọ́n tó tẹ̀. Àlàyé yìí wọ̀ mí lọ́kàn ju bí àwọn èèyàn ṣe ń kà á sí lọ, torí ìwà kan wà lára àmì àròpọ̀ tí kò sí lára H-beam. H-beam tó fẹ́ lọ́, apá rẹ̀ méjèèjì máa ń ta kò ó, bó bá sì ṣe kúrú tó ni ìtakò yẹn ṣe ń le tó. Àmì àròpọ̀ kò ní irú apá bẹ́ẹ̀. Ẹrù tó máa mú un lọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀, ì báà gùn, ì báà kúrú. Ẹni tó bá fi ìdè sí agbede-méjì rẹ̀ ti gbà á lọ́wọ́ títẹ̀, kò tíì gbà á lọ́wọ́ lílọ́, àfi tí ìdè náà bá lè dá a dúró kó má yí lára. Tí angle náà bá wá tín-ín-rín sí fífẹ̀ apá rẹ̀, lílọ́ lè ṣáájú títẹ̀ dé. Ìdè tó jẹ́ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló ti ń ṣiṣẹ́, tí kò sì pàdé irin lójú àárín rẹ̀, kí ló fẹ́ fi dá a dúró?

Ìkẹta wọn, Hannskarl Bandel, tó ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò ayàwòrán-ilé, sọ pé ojú ibi tí wọ́n ti jó irin tó gbé pátákó àmì-ayò kọ́ mọ́ òrùlé ló já. Ó ṣeé ṣe kí ibẹ̀ já lóòótọ́ lóru yẹn. Àmọ́ òrùlé tí irin etí rẹ̀ ti ń ru ìlọ́po mẹ́sàn-án ẹrù tó yẹ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, mi ò rí bí ojú ìjórin kan ṣe lè jẹ́ ìdí rẹ̀. Láàárín àwọn méjì àkọ́kọ́, bóyá irin náà tẹ̀ ni o tàbí ó lọ́, irin kan náà ni wọ́n ń nawọ́ sí, ìrísí kan náà.

Wọ́n tún gbọ̀ngàn náà kọ́. Ẹgbẹ́ họ́kì Whalers tó ń lò ó kó lọ sí Springfield ní Massachusetts, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń gbá họ́kì wọn títí wọ́n fi padà wálé ní oṣù kejì ọdún 1980. Ẹjọ́ tó tẹ̀ lé ìjàǹbá náà kò dé ojú ìdájọ́. Lẹ́yìn bí ọdún mẹ́fà, gbogbo àwọn tọ́rọ̀ kàn yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn, adájọ́ kankan kò sì sọ èyí tó tọ̀nà nínú àlàyé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.